Ẹni Tó Dáhùn Èje

Irin ni mo lọ jó níbẹ̀. N kò lọ ṣe olórí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ wẹ́dà ní Mamu ló rán mi. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan wà láàárín Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, òrùka irin kan tí wọ́n ń sọ bọ́ọ̀lù sí ti já ní pápá wọn, kí n lọ bá wọn jó o mọ́ pátákó rẹ̀. N kò ní dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì ń rìn níbẹ̀. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀, mo gun àkàbà, mo fi gíláàsì dúdú bojú. Bí ẹ bá ti fi gíláàsì wẹ́dà bojú, ẹ ò ní rí nǹkan kan mọ́ àfi iná tó wà níwájú yín. Etí nìkan ló kù fún yín. Etí yẹn ni mo fi gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì, bí ẹni tó ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi.

Mo ṣí gíláàsì. Pápá ṣófo. Oko rọ́bà àtijọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í gba oje rẹ̀ mọ́, àwọn igi rẹ̀ tò lọ gbọọrọ bí ẹni tó ń dúró de ìpè. Inú ibẹ̀ ni ìró náà ti ń bọ̀.

"Ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Obìnrin àgbà kan ló dúró nísàlẹ̀ àkàbà, ó wọ bàtà kánfáàsì, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mo gbọ́, mà."

"Ẹ̀rù bà ọ́?"

"Rárá, mà."

"Àkàbà tó ń gbọ̀n yìí ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé. Àwọn ọmọ kan ló ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń sùn, igbó rọ́bà ló ń gba ìró náà tó sì ń dá a padà. Gbohùngbohùn lásán ni. "Ṣùgbọ́n má kà á o," ni ó wí. "Èmi ti kà á rí. Bí wọ́n bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, igbó yẹn á dá a padà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá." Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ó ń ṣe àwàdà ni.

Bí mo ṣe mọ Mọ̀mí Kóòṣì nìyẹn. Olùkọ́ eré ìdárayá ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ó wá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní bọ́ọ̀lù alágbọ̀n, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Nígbà tí mo jó òrùka náà tán, ó gun àkàbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó rọ̀ dirodiro bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá, òrùka kò mira. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n wá máa tọ́jú pápá fún òun. Mo ní mi ò kàwé, ọdún kẹta girama ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwé ni mo ní kí o wá gbá ni?"

Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Eruku ni ọ̀tá pápá alágbọ̀n. Tí ẹ kò bá gbá a láàárọ̀, ọmọ kan á yọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ni mò ń kun ìlà, tí mò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bọ́ọ̀lù. Bí a ṣe ń dán bọ́ọ̀lù wò ni pé kí ẹ jù ú sílẹ̀ láti èjìká. Tó bá ta dé ìbàdí yín, afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé. Okùn àwọn apẹja ni mo fi ń hun àwọ̀n tó ń rọ̀ nídìí òrùka, nítorí ti ọjà kì í pẹ́ ju sáà kan lọ. Àwọn ọmọ náà sọ mí ní Brọ̀dá Wẹ́dà. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí Mọ̀mí ń rí: ẹni tó ń sá fún bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń gbá a fún àwọn ọmọbìnrin tó ń wòran, ẹni tí orúnkún ń dùn tí kò fẹ́ sọ. Lọ́dún kẹta, Mọ̀mí sọ mí di igbákejì rẹ̀.

Ó ní àwọn òfin kan tí kò kọ sínú ìwé kankan. Olórí ló ń mu omi kẹ́yìn. Olórí ló ń wọ ọkọ̀ kẹ́yìn. Bí o bá máa fi ọmọ jókòó síta, nítorí eré tó gbá ni kí o ṣe fi í jókòó, má ṣe é nítorí ẹnu rẹ̀. Èyí tó wá ká a lára jù lọ ni ìkà, pé kí á máa ka iye ènìyàn.

Ẹ mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mọ̀mí kò jẹ́ na ọwọ́ sí orí ẹnikẹ́ni kó ní ọ̀kan, méjì. Àwọn ọmọ náà ló ń ka ara wọn. Méjìlá ni wọ́n, oníkálukú ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ lẹ́yìn aṣọ, kí a tó kúrò níbikíbi, wọ́n á pè é láti ẹnu dé ẹnu: Ení! Èjì! Ẹ̀ta! títí tó fi máa dé Èjìlá. Tó bá pé, a lọ. Nígbà tó ń kọ́ mi, ó di etí mi mú bí ẹni tó fẹ́ fà á ya.

"Wọ́n á fi ẹnu ka ara wọn. Ìwọ á fi ojú tẹ̀ lé e. Ẹnu tó bá là, kí o rí i pé ó là. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Mi ò ní kí o gbọ́. Mo ní kí o rí."

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fi pa mọ́ fún gbogbo ènìyàn fún oṣù mẹ́jọ. N ó sọ ọ́ níbi tó yẹ.

Sáà òjò ń lọ, ọyẹ́ ń wọlé, nígbà tí wọ́n pè wá láti Ìbíadé pé kí a wá bá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà gbá bọ́ọ̀lù. Orúnkún Mọ̀mí ti wú nígbà náà, kò lè jókòó sínú ọkọ̀ pẹ́. Ó bọ́ fèrè lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn níwájú àwọn ọmọ. Fèrè náà ṣì gbóná. N kò tíì gbé ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí, títí kan jẹnẹrétọ̀ tí mo ń gbé kiri.

Pápá tí a lọ gbá sí kò jìnnà sí odò rárá. Nínú ilé-ìwé kan ni, ewéko ga lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn ewéko ni omi. Omi náà kò dún. Mo ti rò pé odò ńlá máa ń hó ni, àmọ́ èyí kàn sùn síbẹ̀ bí ẹranko tó lajú sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti lu ilẹ̀, òdìkejì omi á dá a lóhùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo rántí igbó rọ́bà. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní kà á.

Ẹni tó ń gbá nọ́ńbà keje wa ni Mùbárákù. Ọmọ oníṣòwò páànù ni ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ga, ó gbọ́n, kò sì sí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù sọ sínú agbọ̀n tó o nínú gbogbo wọn. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, tí àmì wa dọ́gba, ó gba bọ́ọ̀lù, ó rí Dípò, kápútẹ́nì wa, tó dúró lábẹ́ agbọ̀n láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kò sì fún un. Ó fẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò wọlé. Mo fọn fèrè, mo ní kó jáde.

"Ta ló ní kí n jáde?" ni ó wí.

"Èmi ni. Jókòó."

"Brọ̀dá, wẹ́dà lẹ jẹ́ o. Ẹ lọ jó irin."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. N kò bínú sí ẹ̀rín náà tó bí mo ṣe bínú sí ohun tó wà nínú rẹ̀, pé òótọ́ ni. Mo fi í sílẹ̀ lórí ìjókòó títí eré fi parí. Àmì méjì ni wọ́n fi lù wá. Bó bá jẹ́ pé nítorí eré ni mo fi í jókòó, ǹ bá ti dá a padà sí pápá. Nítorí ẹnu rẹ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà gan-an.

A sùn sínú kíláàsì kan. Ní ìdájí, kùrukùru ti bo gbogbo nǹkan. Kì í ṣe irú èyí tí a máa ń rí ní Àgọ́-Ìwòyè, tí oòrùn máa ń lé lọ kí ẹ tó fọnu tán. Èyí dìde láti orí omi, ó funfun bí òwú, tí ẹ bá na apá, ẹ ò ní rí àtẹ́lẹwọ́ yín. Àwọn ọmọ náà ní ìdánwò ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo sì ti ṣèlérí fún Mọ̀mí pé a ó dé lásìkò. Bàbá Súlè, awakọ̀ wa, ti ń tẹ fèrè ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ o! Èmi ò fẹ́ràn ibi tí mi ò ti rí iwájú, mi ò sì rí ẹ̀yìn."

Òtútù mú mi. Mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, mo jókòó síwájú, mo wé fìlà mọ́ etí, mo ti gíláàsì fèrèsé. Àwọn ọmọ ń wọlé lẹ́yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, mo rí báàgì Mùbárákù lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Iná inú ọkọ̀ ti bàjẹ́. Orí ni mò ń rí, n kò rí ojú.

"Ẹ kà á," ni mo wí.

"Ení." "Èjì." "Ẹ̀ta." "Ẹ̀rin." "Àrún." "Ẹ̀fà."

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan sọ pé, "Èje," kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. "Ẹ̀jọ" tẹ̀ lé e, "Ẹ̀sán," títí dé Èjìlá. Ó pé. Bàbá Súlè ní "Bísímílà," a gbéra.

A rìn tó wákàtí kan àti ààbọ̀ kí a tó bọ́ sí ojú márosẹ̀. Kùrukùru ti ká. A dúró ra búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Méjìlá ni Dípò rà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń pín in láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ó padà wá bá mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Brọ̀dá, ọ̀kan ṣẹ́kù."

"Ta ni kò gbà?"

"Gbogbo ènìyàn ló gbà." Ó bojú wẹ̀yìn. "Mùbárákù ńkọ́?"

"Ṣé kò sí lẹ́yìn ni?"

"Báàgì rẹ̀ ló wà lẹ́yìn."

Ẹnì kan ní kí a pe fóònù rẹ̀. Dípò pè é. A dúró. Fóònù náà dún nínú báàgì, lórí ìjókòó tó ṣófo, ó ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

"Ṣùgbọ́n ó dáhùn," ni ọmọ tó ń gbá nọ́ńbà kẹjọ wí. Ohùn rẹ̀ ti tín-ínrín. "Bí kò bá dáhùn, báwo ni èmi ṣe máa ní Ẹ̀jọ? Mo gbọ́ Èje létí mi báyìí."

"Èmi náà gbọ́ ọ."

"Ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn níbí ló ti wá o!"

"Irọ́ ni, kò wá láti ẹ̀yìn. Ta ló dáhùn nínú yín? Ẹ má fi eléyìí ṣeré!"

Wọ́n ń búra, àwọn kan ní Wàláhì, àwọn kan ní lórúkọ Jésù. Kò sí ẹni tó jẹ́wọ́. Bàbá Súlè kò sọ nǹkan kan àfi "Aúsù bílláhi," ó yí ọkọ̀ padà. Èmi náà kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí a padà dé Ìbíadé, kùrukùru ṣì wà níbẹ̀ bí ẹni pé ó ti ń retí wa. Kíláàsì ṣófo. Pápá ṣófo. A gba inú ewéko lọ sí etí odò, a sì rí bútà kan, irú èyí tí a fi ń ṣe àlùwàlá, ó dúró ṣánṣán lórí iyẹ̀pẹ̀, omi kún inú rẹ̀. Bàtà sílípáàsì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọjú sí omi.

Mo ń wo omi, omi ń wò mí. Apẹja kan ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kò rí ẹnikẹ́ni. Dípò bú sẹ́kún. Bàbá ọmọ náà ni mo ń rò, oníṣòwò páànù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé báàgì ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, tó ní, "Wẹ́dà, ọmọ mi dọwọ́ rẹ o."

Mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Kò sí ìdáhùn, àfi òdìkejì omi tó ń pè é lẹ́yìn mi. Nígbà náà ni mo ní kí àwọn ọmọ tò sétí odò. Mo ní kí wọ́n kà á.

Wọ́n kà á dé Ẹ̀fà. Ó dákẹ́.

Mo ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n kà á. Ẹ̀fà. Ó dákẹ́. Ẹyẹ kan gan-an kò ké.

Mo ní ẹ tún un kà. Ẹnì kan ní, "Brọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní ẹ kà á. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà.

"Èje."

Láti inú ewéko ni, lápá ọ̀tún wa. Gbogbo wa sá sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó lọ pàdé rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. A dúró, a ń wo funfun yẹn títí Mùbárákù fi jáde láti inú rẹ̀ láìwọ bàtà, ojú rẹ̀ bí ojú ẹni tó jí láti ibi tó jìn. Bàbá Súlè ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ó fún apá rẹ̀ bí ẹni tó ń ra ewúrẹ́. "Ènìyàn ni," ni ó wí.

Nínú ọkọ̀, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kànga ilé-ìwé ti kún fún èrò, òun sì lọ ṣe àlùwàlá létí odò. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti bu omi, nígbà tó gbọ́ ìkà wa láti inú ọkọ̀. Ó gbéra láti sáré bọ̀. Ó ti la ẹnu láti kígbe Èje. Nígbà náà ni ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, lójú omi.

"Ohùn mi ni," ni ó wí. "Ohùn tèmi gan-an. Mo dúró síbi tí mo wà. Mo ń gbọ́ tí ẹ ń kà á lọ, mo ń gbọ́ tí ọkọ̀ ń lọ."

"Kí ló dé tí o kò pariwo?" ni Dípò béèrè.

"Wọ́n ti dáhùn fún mi tán. Bí èmi náà bá dáhùn, a ó di méjì."

"Nígbà tí a padà dé ńkọ́? Brọ̀dá pè ọ́ títí."

"Mo wà nínú ewéko. N kò mọ̀ bóyá èmi lẹ ń pè, tàbí ẹni yẹn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ẹni tó jẹ́ ẹ. Mo wá mọ̀ pé ààyè mi ti ṣófo."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọkọ̀ wa ní Mọ́tò Èje. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ wá ń sọ ọ́ ju àwa tí a wà níbẹ̀ lọ: wọ́n ní ohùn obìnrin ni, wọ́n ní omi kán sílẹ̀ lórí ìjókòó. Bàbá Mùbárákù pe àwọn Ààfáà wá ṣe àdúà, ó sì gba aṣọ bọ́ọ̀lù lára ọmọ rẹ̀. Mùbárákù ń lọ sí kíláàsì, á padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, kì í gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Èmi ń gbálẹ̀, mò ń kun ìlà. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà níwájú mi, màá mi orí, màá ní, "Ọlọ́run ló yọ wá."

Ní báyìí, n ó sọ ọ́. Èmi ni mo sọ Èje.

Nígbà tí ìkà dákẹ́ lẹ́yìn Ẹ̀fà, mo rò pé Mùbárákù wà lẹ́yìn ọkọ̀, tó ń bínú, tí kò fẹ́ dáhùn kí n lè bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní bẹ ọmọdé. N kò ní dìde nínú òtútù lọ wo ojú rẹ̀. Mo fi etí fìlà bo ẹnu, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo sì gbójú síwájú. Kò ju bí ẹni húkọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n ń béèrè ta ló dáhùn lójú márosẹ̀, mo tún gbójú síwájú. Lẹ́yìn náà ìtàn náà dàgbà, iwin gba ẹ̀bi mi rù, mo jẹ́ kó rù ú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, Mọ̀mí Kóòṣì ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó na ẹsẹ̀ tó wú náà sórí bẹ́ǹṣì. Mo kúnlẹ̀ sórí ìlà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó béèrè ọ̀rọ̀ méjì péré.

"Ta ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló wọ̀ ọ́ kẹ́yìn?"

"N kò mọ̀, mà."

"Hẹ́n-ẹ̀n." Ó ń wo igbó rọ́bà. "Kí o tó la ẹnu ni o ti sọ ọmọ yẹn nù. Dìde. Èmi kọ́ ló yẹ kí o wá kúnlẹ̀ fún."

Mo gba ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ náà. Mùbárákù nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń to páànù. Mo sọ fún un. Ó gbọ́ mi títí dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí páànù.

"Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ni ó wí.

Mo sọ ọ́. "Èje."

Ó mi orí. "Gíláàsì fèrèsé ńkọ́?"

"Mo ti tì í."

"Ẹ sì wà níwájú ọkọ̀, èmi wà létí odò. Brọ̀dá Wẹ́dà, èyí tí ẹ sọ yẹn kọ́ ni mo gbọ́."

Òtútù gba inú ṣọ́ọ̀bù náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Páànù kan ta kọ́ú nínú ooru, àwa méjèèjì fò.

"Látọjọ́ yìí wá," ni ó wí, "mo rò pé nǹkan yẹn ló jí ààyè mi. Àṣé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi ta á lọ́rẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde. Nígbà tó yá, ó bu omi fún mi.

Mo pe àwọn ọmọ náà jọ, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Mo lọ bá bàbá rẹ̀ náà; ó bú mi dáadáa, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Dípò ló dìde, tó ní, "Brọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ní ká kà á lẹ́ẹ̀kẹta." Mo ti dá fèrè padà fún Mọ̀mí; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó fi í ránṣẹ́ sí mi láti ilé. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó padà wá mọ́.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí. Èmi ni mò ń wọ ọkọ̀ kẹ́yìn, ìbáà jẹ́ òjò. Mo tún iná inú ọkọ̀ náà ṣe fúnra mi. Bí wọ́n bá ń ka ara wọn, mò ń rìn láàárín wọn, mò ń wo ẹnu kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń là. Ọmọ tó bá ṣépè fún mi lánàá, òun ni mò ń wò jù. Bí mo bá ń kọ́ àwọn kápútẹ́nì tuntun, èyí nìkan ni mo ní láti fi kọ́ wọn: ẹni tí inú ń bí ọ sí ni kí o kọ́kọ́ lọ wo ojú rẹ̀. N kò fún ẹnikẹ́ni ní aṣọ nọ́ńbà keje. A máa ń kà á dé Ẹ̀fà, a ó dákẹ́ díẹ̀, ká tó ní Ẹ̀jọ. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, igbó rọ́bà ṣì ń dá Ẹ̀fà padà. Mo máa ń gbàdúrà pé kó má kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, a ti gbá tán, àwọn ọmọ tò láti kà. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà. Ó dákẹ́.

"Èje!"

Àwọn ọmọ náà kò mira. Ẹ̀yìn mi ni ohùn náà ti wá, láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ohùn Mùbárákù ni, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ohùn kì í ṣe ẹ̀rí. Mo yí padà wẹ́rẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró sí ẹnu géètì, ó ga, bàtà kánfáàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì yọ̀. N kò tíì pe orúkọ rẹ̀.

"Tún un sọ," ni mo wí.

Mo sì tẹ ojú mọ́ ẹnu rẹ̀ títí mo fi rí i tó là.